Má tíì sanwó bọ́ọ̀dù yẹn o

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìṣọkùn n'Íléṣà, o ní láti ọjọ́ tí ẹnjiníà ti tú kọ̀ǹpútà rẹ láti fi nǹkan kún un ni fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n “No Signal” nìkan ni mọ́nítọ̀ ń kọ. Ẹnjiníà ní kó o sanwó bọ́ọ̀dù mìíràn (motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo nǹkan yòókù so mọ́), ìwọ wá ń bèèrè bóyá kó o kàn ra wáyà HDMI dípò VGA tó ń gbé àwòrán lọ sí mọ́nítọ̀. Kí ni wọ́n fi kún un gan-an? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Bó bá jẹ́ káàdì graphics (èyí tó ń ṣe àwòrán fún mọ́nítọ̀) ni, yọ wáyà mọ́nítọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀dù, fi sí ara káàdì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí káàdì, wọ́n á pa ojú VGA àti HDMI tiwọn. Ó tán. Má san kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Àmọ́ bó bá jẹ́ processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n pààrọ̀, jókòó kí n ro tèmi fún ẹ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, tí mo ti ń tẹ project fáwọn ọmọ Yunifásítì. Processor Intel Core i3-10100 ni mò ń lò, ó sì ń falẹ̀. Ẹnjiníà kan ní òun á fi i5 sí i, á máa sáré bí ẹṣin. Ó fi í sí i lóòótọ́. A tan án, mọ́nítọ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ó ní bọ́ọ̀dù ti kú. Mo ní, “Bọ́ọ̀dù tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí?” Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Mo ra bọ́ọ̀dù tòkúnbọ̀. Dúdú. Ó ní RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) ni. Mo ra RAM. Dúdú. Ó ní mọ́nítọ̀ ni. Mo yá ti aládùúgbò, mo gbé e sọdá títì lọ́sàn-án gangan, dúdú náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Àsìkò tí àwọn ọmọ ń fi project sílẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù kejì ni gbogbo wọn yà sí. Mò ń jókòó, mò ń gbọ́ ìró printer wọn.

Ọmọ kan tó wá gba fláàṣì rẹ̀ ló ní ká tú u kóun wò ó. Ó nu gírísì orí processor, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, 10400F ni wọ́n kọ síbí.” F yẹn ló pa mí! Intel a máa fi F sẹ́yìn orúkọ processor tí kò ní graphics, ẹ̀yà tó ń ṣe àwòrán, nínú. Ihò VGA àti HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù kì í dá àwòrán ṣe, ọ̀dọ̀ processor ló ti ń gbà á. Bí processor ò bá ní in, wáyà wúrà lo ìbáà kì bọ ibẹ̀, òfo ni. A dá i3 padà, àwòrán yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnjiníà ò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ mọ òṣómàáló ṣe, èmi ò mọ̀ ọ́n.

Ti AMD, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe processor, náà ńkọ́? Ryzen 5 3600 kò ní in, 5600G ní in. Àwọn 7000 tún yàtọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ní in láìsí G kankan, àmọ́ 7500F kò ní. Fojú ara rẹ ka ohun tó wà lórí processor, má gba tẹnu ẹni tó tà á.

Bí processor rẹ bá ní graphics nínú, yọ RAM, fi irésà nu ẹnu rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ wọlé kó dún. Yọ bátìrì roboto kékeré orí bọ́ọ̀dù, CR2032, fúngbà díẹ̀. Yọ wáyà iná lára ògiri kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun o, má sọ pé NEPA ti mú iná lọ. Wọ́n lè dá a padà nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà nínú rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá dá a padà, ó máa ń wọlé bí ẹni ń lé olè. Nǹkan tó jó power supply mi àkọ́kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.

Níwọ̀n ìgbà tí mọ́nítọ̀ bá ṣì ń kọ “No Signal”, mọ́nítọ̀ ò kú. Kí ẹnikẹ́ni má tà á fún ẹ.

Èmi wá rí káàdì graphics GT 710 kékeré rà nígbà tó yá, i5 yẹn ló ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kọ orúkọ processor rẹ síbí kó o tó fún ọkùnrin yẹn lówó. Bí ẹnì kan bá sì ń wá bọ́ọ̀dù H410, ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì mi.