Ta ló ń ju ìdákọ̀ró nù?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìtumọ̀ Anchors Aweigh, orúkọ fíìmù Amẹ́ríkà ọdún 1945 yẹn, ẹ má fetí sí ẹni tó dá yín lóhùn mọ́. Ó ní àwọn atukọ̀ ju ìdákọ̀ró nù torí pé wọ́n gba líìfù. Ẹ gbà mí o! Tí wọ́n bá jù ú nù, kí ni wọ́n á fi dá ọkọ̀ ró lọ́la? Orúkọ rẹ̀ kúkú ti sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Etí ló tàn án jẹ. Aweigh kì í ṣe away. Gbígbé ni weigh láyé àtijọ́, kó tó di ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ó sì bọ́gbọ́n mu: ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, á kọ́kọ́ gbé e wò. Ìdákọ̀ró ti kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ omi, òun ni gbólóhùn náà ń wí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní Àpápá, ojú mi sì ló ṣe. Ẹ̀rọ ń kùn, ṣéènì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ń fi omi fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Bí ìdákọ̀ró ṣe já kúrò nínú ẹrẹ̀ báyìí, ó ń rọ̀ dirodiro. Ọkọ̀ ò dúró mọ́, kò sì tíì lọ. Aweigh nìyẹn!

Òun ló jẹ́ kí n gbà pé orúkọ náà bá fíìmù yẹn mu rẹ́gí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú orin ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tí Charles Zimmermann ṣe lọ́dún 1906, ni wọ́n ti mú un. Nínú rẹ̀, Gene Kelly àti Frank Sinatra ṣe ọmọ ogun ojú omi méjì tó gba líìfù ọjọ́ mẹ́rin ní Hollywood, Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń jà. Wọn ò sí lójú ogun, wọn ò sì délé. Gbogbo obìnrin tí wọ́n ń lé, gbogbo orin tí wọ́n ń kọ, àsìkò tí ìdákọ̀ró ń rọ̀ dirodiro ni. Oṣù keje ni fíìmù náà jáde. Oṣù kẹjọ, Japan juwọ́ sílẹ̀.

Ti eku inú àwòrán (cartoon) tí Kelly bá jó nínú fíìmù yẹn, ijó náà dára. Ẹ ò kúkú bi mí nípa eku.

Ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró náà sì ti ń bọ́ lẹ́nu wa. A ń pariwo “ìdákọ̀ró ọkàn” ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ọ̀sẹ̀. Mo bi ọmọ mi obìnrin pé kí ni ìdákọ̀ró. Ó ní, “Dádì, ṣé kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?”