Ọmọ wo ló ń mu ọmú rẹ?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ibi kan náà lojú mi sì ń há sí. Kì í ṣe ibi tí o ti ń sunkún. Ibi tí o ti sáré kọjá ni: “Tí mo bá tẹ ọmú mi lálẹ́, omi funfun díẹ̀ máa ń jáde, àmọ́ ìyẹn ò dà mí láàmú.”

Kò dà ọ́ láàmú. Èmi ló dà láàmú.

Kí àwọn yòókù lè bá wa lọ: Ṣágámù ni ọmọ yìí ń gbé, ọmọ ọdún 26 ni. Nǹkan oṣù rẹ̀, tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti dáwọ́ dúró láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ti ṣe ìdánwò oyún lẹ́ẹ̀mejì, kò sí oyún. Kẹ́míìsì fún un ní oògùn oníhóró kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ sì tún dákẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, lọ́dọ̀ ìyá alágbo kan tó ní òun máa fọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́. ₦65,000 ló ti bá a lọ. Ìdána di oṣù Kejìlá. Ìbéèrè tó wá bi mí ni pé: ṣé kí òun sọ fún àfẹ́sọ́nà òun ni, àbí kí òun dákẹ́ kí àgbo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná?

N ò tíì ṣetán láti dáhùn ìyẹn. O kọ ìlà mẹ́fà nípa àwọ̀ aṣọ ẹbí, o kọ ìlà kan ṣoṣo nípa ọmú. Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi náà, mo mọ bí a ṣe ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá di ti ayẹyẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi aṣọ ẹbí sílẹ̀ ná.

Obìnrin tí kò lóyún, tí kò bímọ, tí kò fọ́mọ lọ́mú, kí ni wàrà ń wá lọ́mú rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí o bi ara rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, àwọn àgbà ilé yín ì bá sì dá ọ lóhùn ìdajì rẹ̀. Bi ìyá rẹ pé lẹ́yìn tó bí ọ, oṣù mélòó ló tó rí nǹkan oṣù rẹ̀. Kò sí ìyá kan nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ pé abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú tọ̀sán-tòru kì í tètè rí i. Họ́mọ̀nù kan ló wà nídìí ẹ̀, prolactin ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń mú kí ọmú ṣe wàrà. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ọpọlọ ránṣẹ́ sí ibi tí ẹyin ti ń gbó, kí ìyá má baà tún lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn. Tó bá wá pọ̀ jù lára ẹni tí kò fọ́mọ lọ́mú, iṣẹ́ kan náà ló máa jẹ́: wàrà á yọ, nǹkan oṣù á lọ. Ara rẹ ń ṣe bí ara abiyamọ, ọmọ nìkan la ò rí.

Ṣé o ti rí i báyìí? Ohun méjì tí o fi odindi ojú-ewé kan pín níyà, ohun kan náà ni wọ́n. Ilé ọmọ rẹ ò dọ̀tí. Kò sí ohun tí ìyá alágbo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó ṣẹ̀ wà lókè nínú orí, ẹ wá ń na ẹni ẹlẹ́ni nísàlẹ̀ ikùn.

Má bínú sí ohùn mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá mi, Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń gbé nígbà náà. Nǹkan oṣù rẹ̀ lọ, wàrà ń yọ, orí ń fọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta la fi se àgbo. Mo ní “la fi se”, torí èmi ni mo ń kóná mọ́ ìkòkò. Omidùn, egbò, èèpo igi, èyí tí mo mọ orúkọ rẹ̀ àti èyí tí n ò mọ̀, mo ń sẹ́ ẹ, mo ń gbé e fún un, mo sì ń dúró tì í kó lè mu ún tán. Wàrà yẹn ńkọ́? Àwọn àgbà ilé ní àmì ayọ̀ ni, pé ara ń múra sílẹ̀ de ọmọ tó ń bọ̀. A kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí àìsàn.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. Ó ń kọ lu ènìyàn lọ́jà. Ọ̀kadà tó bá ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní rí i àfi tó bá dé iwájú rẹ̀ gan-an. A ní kì í fara balẹ̀. Èmi fúnra mi bú u lọ́jọ́ tó dà ọbẹ̀ nù. Ọjọ́ tí dókítà kan ní kó tẹjú mọ́ imú òun, tó wá ń mi ìka lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí ẹ̀gbọ́n mi sì ní òun ò rí ìka kankan, èmi ni mo jókòó sórí àga kejì.

Kókó kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, pituitary ni àwọn dókítà ń pè é. Ibẹ̀ ni prolactin ti ń wá. Nígbà mìíràn, kókó mìíràn á hù nínú rẹ̀, á sì máa tú prolactin jáde láìdúró gbàṣẹ. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì tóbi ju ohun tí èèyàn lè gbé ká lọ títí ayé. Ṣùgbọ́n iṣan ojú méjèèjì kọjá lórí ẹ̀ tààrà. Tó bá tóbi tó ti í láti ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ojú ti ń kọ́kọ́ fọ́. Èèyàn á máa rí iwájú, kò ní mọ̀ pé òun ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Oògùn oníhóró ni wọ́n fi wo ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò la orí rẹ̀. Ojú ọ̀tún padà sípò. Ti òsì ò padà tán.

N ò sọ pé ohun tó ṣe é ló ń ṣe ọ́. O ò sọ̀rọ̀ orí fífọ́, o ò sì sọ̀rọ̀ ojú, bóyá torí kò sí, bóyá torí ìyẹn náà “ò dà ọ́ láàmú”. Tí orí bá ń fọ́ ọ tí kò lọ, tàbí tí o bá ti ń gbá ara rẹ mọ́ nǹkan, má dúró de ọjọ́ Ajé. Òní ni kí o lọ.

Ó lè jẹ́ oògùn tí o ń lò ló fà á. O ò kọ ọ̀kankan sí mi, ó sì ṣòro fún mi láti gbà pé ọmọ ọdún 26 kan wà ní Ṣágámù tí kì í ra nǹkan kan ní kẹ́míìsì. Oògùn tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, metoclopramide tàbí domperidone, ó lè gbé prolactin sókè. Haloperidol àti risperidone tí wọ́n ń fún àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, bẹ́ẹ̀ náà. Methyldopa tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ náà. Kó gbogbo pálí tó wà nínú yàrá rẹ sínú ọ̀rá kan, gbé e lọ síwájú dókítà. Má dá oògùn tí dókítà kọ fún ọ dúró fúnra rẹ o.

Ó sì lè jẹ́ thyroid, ẹran kékeré inú ọrùn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Tí iṣẹ́ rẹ̀ bá falẹ̀, ara á máa tutù, ìgbẹ́ á le, èèyàn á máa sanra láìjẹun jù, prolactin náà sì lè gòkè. Hóró oògùn kan lójoojúmọ́ ló máa ń tún ìyẹn ṣe.

Àti pé kí ni o ń tẹ ọmú lálaalẹ́ fún? O ní o fẹ́ wò ó bóyá ó ti tán. Bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹn, ọmọ tó ń mu ún náà nìyẹn! Títẹ̀ gan-an ń sọ fún ara pé kó tún ṣe sí i. Fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí mi lọ́la pé “Àǹtí, tèmi ò ní wàrà ńkọ́”, mo gbọ́. Nǹkan oṣù tó ń wá láàárín ọjọ́ 21 sí 35 kò ní wàhálà, kò di dandan kó bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Èyí tó bá lọ fún oṣù mẹ́ta, ẹ lọ fi han dókítà. Ọmọbìnrin tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rárá, ẹ mú un lọ. Ẹni tí irùngbọ̀n ń hù sí lágbọ̀n, tí irorẹ́ bo ojú rẹ̀, tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tó wá ń wá àwọn tó ṣe é láyé kiri, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ bi.

Ìwọ, padà wá síbí. O ń wọ mọ́tò láti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nítorí ìgò, OOUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, sì wà nínú ìlú rẹ, níbi tí ọ̀kadà kan lè gbé ọ dé. N ò kórìíra àgbo. Àgbo ibà ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé ìyá náà kì í sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, pé ọtí ló fi ń rẹ ẹ́. Oṣù mélòó ni ẹ̀dọ̀ rẹ àti kíndìnrín rẹ fẹ́ fi gba àlejò tí kò sọ orúkọ?

Lọ sí ẹ̀ka àwọn dókítà obìnrin. Ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ fún wọn ni ọmú, kí nǹkan oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á tún oyún yẹ̀ wò, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ wo prolactin àti thyroid. Àárọ̀ ni kí o lọ, kì í ṣe bí o ṣe dìde lórí ibùsùn. Jẹ́ kí wákàtí mélòó kan kọjá, jókòó, sinmi, torí ìpayà pàápàá lè gbé prolactin gòkè. Tó bá ga díẹ̀, wọ́n lè ní kí o padà wá. Tó bá ga gan-an, wọ́n lè ní kí o lọ ya àwòrán inú orí. Owó ìyẹn kì í ṣe kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú nítorí ₦65,000.

Tó bá jẹ́ kókó tó ń hù nínú pituitary yẹn ni, oògùn wà. Cabergoline, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bromocriptine, ojoojúmọ́, ó lè mú òòyì àti èébì wá, lálẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ ló dára. Ọ̀pọ̀ ló ń rí nǹkan oṣù wọn padà láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí pé ẹyin ló ń kọ́kọ́ jáde kí nǹkan oṣù tó dé, o lè lóyún kí o tó rí ẹ̀jẹ̀ kankan, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kí ìdána tó kọjá. Èyí tó burú ni kí o jókòó tì í fún ọdún mélòó kan. Egungun obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ sé bẹ́ẹ̀ máa ń fúyẹ́ kó tó dàgbà.

Ìbéèrè rẹ: sọ fún un. Má dúró de àgbo, sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì ní kó gbé ọ dé ọsibítù. Tó bá ní òun ò lè dúró ní ọ̀nà ọsibítù fún wákàtí mẹ́ta, o ti mọ̀ ọ́n kó tó di oṣù Kejìlá, aṣọ ẹbí á di ohun tí o lè tà.

Ìgò méjì tó ṣẹ́ kù nínú firíìjì rẹ, da ohun inú wọn nù. Fọ ìgò náà dáadáa. Wọ́n á wúlò fún epo.