Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni nípa ẹja oní-ayùn yẹn, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ná

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ní ẹ bá ẹja ńlá kan tó ti kú létí omi, ẹnu ẹ̀ gùn bí ayùn káfíńtà, ẹ ń pe nọ́ńbà ìjọba kò wọlé, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gé ayùn ẹ̀ tọ́jú kó má baà sọnù kí wọ́n tó dé. Bí mo ṣe kà á ni àyà mi já, torí ohun tójú mi rí lórí irú ẹja yìí gan-an ò tíì tán lára mi.

Ẹ má gé e. Ẹ jọ̀ọ́. Màá padà síbẹ̀.

Ti èmi, àárọ̀ kùtù ni, omi ti fà sẹ́yìn, mo rí nǹkan kan tó dà bíi pákó lórí yanrìn, ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ẹja ni. Ó gùn ju èmi tí mo dúró lọ. Mo ya fọ́tò kan ṣoṣo láti iwájú, ayùn ẹ̀ nìkan ló hàn dáadáa. Nídìí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ síta bí okùn rọ́bà, kò gùn ju ìka mi lọ, ewédò ti bò ó mọ́lẹ̀, ó ń yọ̀. Mo fìka fà á díẹ̀, mo rò pé okùn àwọn apẹja ló lọ́ mọ́ ọn, mo bá fi í sílẹ̀. Títí dòní, okùn yẹn ni mo máa ń rí tí mo bá dìjú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ẹni àkọ́kọ́ ní àwọn ò rí sí ẹja, pé àbùùbùtán àti ìjàpá inú òkun ni tiwọn. Ó fún mi ní nọ́ńbà mìíràn, ẹni yẹn ní láísẹ́ńsì àwọn apẹja làwọn ń ṣe, pé ẹja tó bá ti kú ti di ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ àwọn akólẹ̀ ni. Mo ní ẹja tí òfin dáàbò bò ni o, ó ní "ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀". Ẹnì kẹta ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹnì kẹrin gbé fóònù sílẹ̀ sórí tábìlì, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹnì karùn-ún ní kí n padà pe ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n sọ mí di bọ́ọ̀lù títí bátìrì mi fi kú, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé "báwo ló ṣe gùn tó" tàbí "ibo lẹ wà gan-an". Àwọn tí wọ́n ń gba owó oṣù lórí ẹ̀ rèé o.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́ tí inú ń bí mi, mo ju fọ́tò yẹn sórí WhatsApp, mo kọ orúkọ etíkun náà sí i, mo rò pé ẹnì kan á mọ ẹni tó yẹ ká pè. Àṣìṣe tó burú jù tí mo ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gé ayùn ẹ̀ lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e tẹ́jú pẹrẹsẹ, ẹni tó ṣe é mú irinṣẹ́ bọ̀ láti ilé ni. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkọ̀ akólẹ̀ dé, wọ́n gbé ìyókù sọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo dúró síwájú mọ́tò, mò ń bẹ̀ wọ́n, ọ̀gá wọn ní ìwé iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ òun, pé ọ́fíìsì kan ló ní káwọn wá kó o. Ọ́fíìsì kejì tí mo pè yẹn ni. Kíá ni wọ́n rí àwọn akólẹ̀ rán, wọn ò rí ẹni tó máa wá wo ẹja.

Ọjọ́ kẹta ni onímọ̀ nípa ẹja kan tó pè mí, obìnrin ni, kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo ìdààmú yẹn. Ó ń bèèrè jẹ́jẹ́: báwo ló ṣe gùn tó, eyín mélòó ló wà lápá ọ̀tún ayùn, mélòó ló wà lápá òsì, akọ ni àbí abo, ṣé mo rí nǹkan bí okùn rọ́bà lára ẹ̀. Nígbà tí mo ní mo rí i, ó dákẹ́ lórí fóònù. Ara okùn yẹn ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí. Ẹnì kan ti mú ẹja yẹn láàyè rí, ó wọ̀n ọ́n, ó so nọ́ńbà mọ́ ọn, ó dá a padà sómi. Ká ní mo fi aṣọ nu ewédò yẹn kúrò ni, tí mo ya ohun tó wà lára ẹ̀, à bá mọ ibi tó ti gbéra, iye ọdún tó fi rìn, bó ṣe dàgbà sí i. Gbogbo ẹ̀ wọ inú mọ́tò akólẹ̀ lọ.

Torí náà fọ́tò ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, ìpè á tẹ̀ lé e. Ẹ ya gbogbo ara ẹ̀ látẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ ya ayùn yẹn láti òkè tààrà kí wọ́n lè ka gbogbo eyín ẹ̀, kẹ́ ẹ ya ibi tí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ń dá irú ẹ̀ mọ̀: ti largetooth, ìyẹn irú tí eyín ayùn ẹ̀ tóbi, wà síwájú ju lẹ́bẹ́ ikùn lọ, ti smalltooth, irú tí eyín tiẹ̀ kéré, sì ṣe déédéé pẹ̀lú ẹ̀. Tí ikùn bá hàn, nǹkan méjì tó dà bí ìka nídìí lẹ́bẹ́ ikùn, akọ nìyẹn. Ojú egbò ńkọ́, ẹ ya á, okùn tàbí ìwọ̀ tó bá há sí i lẹ́nu, ẹ ya á. Ẹ fi nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ ìwọ̀n ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ṣóńṣó ayùn dé ṣóńṣó ìrù, lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, kì í ṣe kẹ́ ẹ na téèpù gba orí ara ẹ̀, torí ìyẹn á fi kún un. Tí kò bá sí téèpù, ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ ta kókó síbi tó parí sí. Ẹ ṣí Google Maps, kẹ́ ẹ ya screenshot nọ́ńbà ibi tẹ́ ẹ dúró sí, torí orúkọ etíkun nìkan ò tó. Ìyókù ẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ náà. Tí ihò tó fi ń mí bá wà lábẹ́, ẹja oní-ayùn gidi ni. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tí nǹkan bí irùngbọ̀n méjì sì wà láàárín ayùn, ẹ̀yà ẹja ṣáákì kan ni, àwọn òṣìṣẹ́ náà máa ń ṣi í mú.

Tẹ́ ẹ bá wá ń pè, ẹ gba orúkọ ẹni tó gbé e àti nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀. Tí ò bá sí nọ́ńbà, ẹ mọ̀ pé wọn ò kọ nǹkan kan. Tí ìjọba ò bá dáhùn, ẹ wá mùsíọ́ọ̀mù tàbí yunifásítì tó ní àwọn tó ń kọ́ nípa ẹja, àwọn yẹn á sáré. Kẹ́ ẹ má rò pé ẹyọ kan ò jẹ́ nǹkan kan o. Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, níbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrìpó nínú omi, àwọn oní-ayùn sì ń kú, ó ju 50 lọ tí wọ́n kà, ìpè àwọn èèyàn sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ibi tí wọ́n á wá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni odò Delaware, l'Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà, òkú sturgeon, ẹja ńlá kan, táwọn èèyàn ń ròyìn ló jẹ́ kó hàn pé fáànù ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ń ṣá wọn.

Mo tún fẹ́ sọ ti coelacanth, torí ó jọ tèmi. Ní 1938, Marjorie Courtenay-Latimer, obìnrin tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù kan, rí ẹja yẹn ní South Africa, ẹja táwọn onímọ̀ ti gbà pé ó ti pa rẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, wọ́n kọ̀, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi nǹkan sínú òtútù, wọ́n kọ̀. Ìfun ẹ̀ bà jẹ́, wọ́n dà á nù. Ọdún 1952 ni wọ́n tó rí ìkejì. Ọdún mẹ́rìnlá, torí pé ẹnì kan ò fẹ́ kí ẹja wọ ibi iṣẹ́ òun!

Ó dáa, ayùn tẹ́ ẹ bèèrè. Láti 2007 ni CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n, ti fòfin de òwò ẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, irú kan tí wọ́n yọ sílẹ̀, wọ́n fi kún un ní 2013. Lọ́pọ̀ ibi, kó wà lọ́wọ́ yín lásán ti di ẹjọ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀ fún ìjọba ni. Tẹ́rù bá ń bà yín pé wọ́n á jí i, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ síbì kankan títí wọ́n á fi dé, kẹ́ ẹ bo ayùn yẹn mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ lásán kàn án, pàápàá tí egbò bá wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ààyè lẹ bá lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má wọ́ ọ níìrù, ẹ má sì sún mọ́ iwájú ẹ̀, tó bá ju ayùn yẹn sọ́tùn-ún ó lè ya ẹsẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí omi máa kan ibi tó fi ń mí, kẹ́ ẹ pè.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ padà lọ wo ìdí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tẹ́ ẹ bá rí okùn kankan níbẹ̀ ẹ má fà á, ẹ nu ewédò orí ẹ̀ kẹ́ ẹ ya nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Ẹ padà wá sọ fún mi.