Ọpọlọ yín ò bàjẹ́, ọwọ́ yín ni ò tíì mọ̀ ọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ ń ka lẹ́tà Ṣáínà geere lórí fóònù, bírò ló ń dójú tì yín, ẹ wá ń bẹ̀rù pé ọpọlọ yín ti bàjẹ́, ẹ ń béèrè bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa kọ́ ọ. Ó ṣe èmi náà rí, ní Guangzhou, ìlú kan ní Ṣáínà.

Ìdánwò orí ìwé ni. Wọ́n ní ká kọ̀wé sí dókítà. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé mò ń sín, dǎ pēntì. Mo mọ̀ ọ́n pè. Bí wọ́n bá jí mi lóru kí wọ́n fi hàn mí, mà á dá a mọ̀. Mo kọ 打. Mo kọ 喷. Ó ku 嚏, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn: mo kọ 口, ẹnu, tó wà lápá òsì rẹ̀. Ó parí. Mo ń rí ìyókù fìrí lọ́kàn, bí mo bá ti ní kí n fà á, á sá lọ. Òógùn ọwọ́ mi ti rin ìwé. Ìlà 17 ló wà nínú 嚏, 3 péré ni mo rí fà. Wọ́n gbàwé lọ́wọ́ mi. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni mí. Nígbà tí mo ní kó kọ ọ́ sójú pátákó, fóònù lòun náà kọ́kọ́ yọ! Àwọn onílé pàápàá ní orúkọ fún un: tí bǐ wàng zì, o gbé kálàmù, o gbàgbé lẹ́tà.

Lórí fóònù, ìró lẹ ń tẹ̀, á kó lẹ́tà jáde, ẹ á ṣà. Ojú nìkan ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "bàbá" ní Yorùbá ti mọ ohun tó máa kọ; ìró Ṣáínà kì í júwe ìlà fún ọwọ́. Ibì kan wà lápá òsì ọpọlọ, níwájú ibi tó ń darí ọwọ́, tí Exner, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Austria, tọ́ka sí ní 1881, tó ń so lẹ́tà mọ́ ìrìn ọwọ́. Ìwádìí kan ní 2005 lórí àwọn ọmọ iléèwé ní Beijing sì rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà jù.

Ètò ìlà, ìyẹn ìlà tá a máa kọ́kọ́ fà àtèyí tó máa tẹ̀ lé e, ẹ ti mọ̀yẹn. Ẹ wo lẹ́tà, ẹ bò ó, ẹ kọ ọ́, ẹ ṣí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìwé oníkòtò fún yín o, èyí tí bírò ń gba ojú ihò, tí tádàwà ẹ̀ á pòórá. Mẹ́ta ni mo rà. Kòtò ń kọ̀wé, ọpọlọ ń sùn.

Bí ò bá sí bírò, àtẹ́lẹwọ́ ńkọ́? Mo ṣì ń fìka kọ 嚏 nínú ọkọ̀. Ìyá kan ti bi mí rí pé ṣé ọwọ́ ń yún mi ni.