Ṣé ẹni tó ń gba owó oṣù kì í gba ófátáìmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba níbí. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló wà nínú ìwé àdéhùn mi, àmọ́ mo máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mánéjà ní ẹni tó bá ń gba owó oṣù kò ní ófátáìmù. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mánéjà yín, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Òfin ò sọ owó ófátáìmù di dandan. Ìwé àdéhùn yín ló máa sọ bóyá wọ́n á san án. Bí ìwé náà ò bá tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ẹ wo iye tó kéré jù tí ìjọba ní kí wọ́n san fún wákàtí kan. Ní April 2025, £12.21 ni fún ẹni tó ti pé ọdún 21, ó sì máa ń yí padà ní April ọdọọdún.

Ọdún ni wọ́n fi ń ka wákàtí olówó oṣù. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ á jẹ́ 2,080 lọ́dún. Bí ẹ bá ti ṣe é tán kí ọdún tó pé, gbogbo wákàtí tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wọnú ìṣirò, owó yín fún wákàtí kan ò sì gbọdọ̀ já sísàlẹ̀ iye tí ìjọba sọ yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ nìyí: ìṣẹ́jú 15 tí ẹ fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe alẹ́, iṣẹ́ ni. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti lé ní wákàtí kan. Ìrìn láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn náà, iṣẹ́ ni. Ti ẹni tó ń sùn síbi iṣẹ́ ló yàtọ̀: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 2021 pé ìgbà tó bá jí ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n máa kà fún un.

Òfin tún ní kí iṣẹ́ má ju wákàtí 48 lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ro wákàtí ọ̀sẹ̀ mélòó kan pọ̀, tí wọ́n sì pín in dọ́gba, àyàfi bí ẹ bá ti buwọ́ lùwé pé ẹ gbà láti ṣe jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń buwọ́ lu ìwé yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láì kà á. Ẹ lè yọwọ́ níbẹ̀, wọn ò sì lè torí ẹ̀ lé yín.

Ẹ máa kọ aago tí ẹ dé àti aago tí ẹ kúrò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé rótà; ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ nímọ̀ràn, wọn kì í gba owó ìmọ̀ràn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí ọjọ́ tí èèyàn lè gbé irú ẹjọ́ yìí lọ ní gbèdéke. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ yìí.