"Nájà" kì í ṣe "nà" o: ìdí tí ìyá ẹ fi bínú

Àbúrò kan bi mí pé kí ni ìtumọ̀ "nájà" gan-an, àti pé kí ló dé tí ìyá òun fi gbaná jẹ ní Bódìjà, torí pé òun ná èlùbọ́, ẹlẹ́lùbọ́ ní kóun mówó wá, òun wá ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ kọ́kọ́ wo ibòmíì.

Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì kan lórí WhatsApp, bọ̀dá kan ń fi gbogbo ẹnu ṣàlàyé pé inú "nà" ni "nájà" ti wá, pé ṣe lèèyàn máa na ọlọ́jà títí owó ẹ̀ á fi wálẹ̀, pé iye yòówù tó bá pè, ẹ ṣáà pín in sí méjì. Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń pín in kiri, ṣé ẹ ò létí ni? Dò ni nà, mí ni ná. Ẹni tó bá na ọlọ́jà, àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ.

Ná tó wà nínú nájà, èmi gbà pé òun náà ló wà nínú náwó, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn kó lọ jẹun dáadáa kó tó dé. Tó o bá ń nájà, owó lò ń ná yẹn, ẹnu lo kàn kọ́kọ́ fi ń ná an kó o tó fọwọ́ ná an. Iye tó o bá ti fẹnu dá, ó ti kúrò lápò ẹ, ọlọ́jà ló ń dúró dè. Tó o bá kàn béèrè èló ni tó o sì kọjá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí. Tó o bá dá iye kan tọ́lọ́jà ò gbà, o tún lè lọ, kódà lílọ yẹn wà lára nájà, o ò ní tíì rìn jìnnà tí wàá fi gbọ́ "ẹ máa bọ̀, ẹ wá mú un." Ṣùgbọ́n kó o fẹnu ara ẹ dá iye, kí wọ́n gbà fún ẹ, kó o wá ní ò ń bọ̀? O ti náwó, o tún fẹ́ gbà á padà nìyẹn. Tí ẹlẹ́lùbọ́ yẹn bá bú ẹ, èébú yẹn tọ́ sí ẹ.

Ẹ tún gbọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń kọ owó. Kì í yára sọ pé "mi ò gbà". "Kò gbà" lẹ máa gbọ́. Ta ni kò gbà? Ọjà ni! Ìwọ náà ò ní sọ fún un pé ọ̀wọ́n ló ń ta, wàá ní "ó ti wọ́n jù". Ọjà nìkan lẹ̀ ń bá wí, ẹ̀yin méjèèjì wá dà bí ẹni tó jọ ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà. Kò sẹ́ni tó kọ ẹnì kan, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà máa ń sọ pé láyé àtijọ́ wọ́n máa ń gbé ọjà sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ọlọ́jà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń sọ iye tó jẹ́, ẹni tó bá rà á á fowó síbẹ̀ á sì máa lọ. Kò sí nájà níbẹ̀. Ta lo fẹ́ bá ná an, òkúta?

Tówó bá wá dúró síbì kan, tí ò fẹ́ sún mọ́, èènì ló kù. Ìyá màmá mi ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba n'Ìbàdàn, ẹ̀yìn igbá ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tá a bá gba ọlidé. Igbá kékeré kan wà lọ́tọ̀ tó fi ń bu èènì, kì í bù ú látinú èyí tó ń wọ̀n, torí ó ní èyí tó ń wọ̀n ti lówó lórí. Ẹni tó bá fi ìjà nájà, ìka méjì ló máa fi há a fún un bí ẹni ń fiyọ̀ sọ́bẹ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé orúnkún màmá ló máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣé ó ti ń sàn, ó tó béèrè iye tí kóńgò jẹ́. Kì í bẹ̀bẹ̀ owó rárá. Ọwọ́ méjèèjì ni màmá fi ń bu èènì tiẹ̀, débi pé bùrọ̀dá màmá mi bínú lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé sàárà ni wọ́n ń ṣe ni.

Ẹ má tíì fi òwe "ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó" wá bá mi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. "Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn" ni kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọn ò mọ̀ pé ọjà tí ò wọ́n là ń pè ní ọ̀pọ̀. "Jálẹ̀ ẹ̀ ńkọ́?" gan-an ti ń kú lẹ́nu wọn, "láàsì práìsì" ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á wọ súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á san iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn láìjanpata, wọ́n á wá débi ìyá aláta wọ́n á di lọ́yà. Wọ́n á sì máa jà lórí 200 náírà nígbà tí wọn ò wo kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n fún wọn, bóyá wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, bóyá ó ṣorí ṣóńṣó àbí wọ́n fọwọ́ nù ún pẹrẹsẹ.

Àbúrò mi, padà lọ bá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn. Kí i dáadáa, ẹ kú ọjà o mà, ajé á wá o. Tó bá dá ojú ẹ mọ̀, rẹ́rìn-ín, kó o ra kóńgò méjì níye tó bá pè. Èènì tọjọ́ yẹn, má bèèrè ẹ̀.