Ohun tí ojú mi rí nínú ẹgbẹ́ Conservative

Àbúrò mi tó ń kàwé n'Ífẹ̀, tó ń múra àtilọ sílùú ọba, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní gbogbo ilé yín ló fẹ́ràn Conservative, pátì òṣèlú ìlú ọba yẹn, torí pé Kemi Badenoch tó jẹ́ ọmọ wa ló ń darí ẹ̀ báyìí, bàbá yín sì ní pátì yẹn nìkan ló ṣì di ìwà àtijọ́ mú, ìdílé, ìsìn, òfin, kéèyàn má jẹ gbèsè, o wá ní ṣé òótọ́ ni. Èsì tèmi ni pé àwọn méńbà ìsàlẹ̀ ṣì dì í mú gan-an, àwọn tó ń ṣòfin lórúkọ wọn ti jọ̀wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mi ò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnì kankan o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé níbẹ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe, mo sanwó méńbà, mo sì pín hándíbìlì láti ojúlé dé ojúlé nínú òtútù kí n tó padà wá sí Iléṣà.

Ìyá olóyìnbó kan tí mo ń tọ́jú ló mú mi wọ pátì. Fọ́tò Margaret Thatcher, tó fi pátì yẹn ṣe olórí ìjọba nígbà kan, wà ní pálọ̀ ẹ̀, ó fi férémù sí i. Kò ra nǹkan láwìn rí, pẹ́nì tó bá ṣẹ́ kù nínú owó ọjà á kó o sínú agolo bísíkíìtì kan, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un, bí wọ́n bá sì ń kọ orin orílẹ̀-èdè lórí tẹlifíṣọ̀n á ní kí n gbé òun dìde dúró. Èmi tí mo jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ilé Òṣómàáló ni wọ́n bí mi sí, bàbá bàbá mi á ta aṣọ láwìn, bí ọjọ́ bá pé tí wọn ò san án á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tó bá gbowó ẹ̀, torí náà nígbà tí mo rí ìyá yẹn mo ní àwa náà kúkú nìyí. Ó mú mi lọ sí mítìn wọn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún mi ní tíì àti kéèkì, wọ́n bi mí léèrè ìyá mi, nígbà tí mo padà lọ wọ́n ṣì rántí orúkọ ẹ̀. Mi ò rí ẹni tó fojú tín-ínrín mi nínú àwọn arúgbó yẹn, mo sì fẹ́ kó o mọ ìyẹn kó o tó gbọ́ ìyókù.

Kí a tó lọ jìnnà, kéèyàn mọ ohun tí ìwà àtijọ́ yẹn jẹ́. Ẹni tí wọ́n máa ń pè ní baba ẹ̀ ni Edmund Burke, ará Ireland, tó kọ̀wé lọ́dún 1790 pé àjọṣe ìlú kì í ṣe láàárín àwa tí a wà láyé nìkan, ó kan àwọn tó ti kú àti àwọn tí a ò tíì bí. (Burke fúnra ẹ̀ ò sí nínú Tory, ìyẹn orúkọ àtijọ́ Conservative, pátì Whig tó ń bá wọn du ipò ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni wọ́n mú.) Yorùbá wo ni ìyẹn máa ṣàjèjì sí? Nígbà tó di 1834, Robert Peel, olórí Conservative nígbà náà, sọ fún àwọn ará Tamworth tó ń ṣojú fún pé ohun tó bá bàjẹ́ nínú ìlú kí wọ́n tún un ṣe, kí èyí tó dáa lè dúró. Nítorí náà bí pátì bá yí nǹkan padà, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀. Bàbá yín lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó akọ-sákọ 2013 ló ba pátì yẹn jẹ́. Lóòótọ́ ó da àárín wọn rú, nígbà ìbò àkọ́kọ́ nílé ìgbìmọ̀, àwọn aṣòfin Conservative tó dìbò lòdì sí i jẹ́ 136, àwọn tó fọwọ́ sí i jẹ́ 127, David Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn sì ń tẹnu mọ́ ọn pé torí òun jẹ́ Conservative lòun ṣe fara mọ́ ọn. Wọ́n jiyàn ẹ̀ ní gbangba, wọ́n dìbò. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tèmi wà.

Ọ̀rọ̀ tèmi wà nínú òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní 9 July 2012. Conservative àti pátì Liberal Democrats (Lib Dem) ni wọ́n jọ ń ṣèjọba nígbà yẹn. Kó tó dìgbà náà, òbí tó ti lé ní 65, tó jẹ́ pé ọmọ tó wà ní England ló ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, tí kò sì sí ẹlòmíì nílé tó lè gbára lé, ọmọ yẹn lè mú un wá. Wọ́n yí i padà. Wọ́n ní òbí náà gbọ́dọ̀ ti dẹni tí kò lè dá wẹ̀, tí kò lè dá wọṣọ, tí kò lè dá se oúnjẹ, ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé bí ọmọ bá tiẹ̀ fowó ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè tọ́jú ẹ̀ nílùú tó wà. Ọmọ náà á sì tún fi hàn pé òun lówó tó láti gbọ́ bùkátà ẹ̀ láì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba. Wò ó dáadáa. Bó o bá lówó, wọ́n á ní ṣebí owó yẹn tó láti fi gba olùtọ́jú n'Íléṣà. Bó ò bá lówó, wọ́n á ní o ò lè bọ́ ọ. Ọ̀nà méjèèjì ló dí pa. Orúnkún ti mú ìyá mi l'Òkèṣà n'Íléṣà nígbà náà, èmi sì nìkan lọmọ tó kù fún un. Lọ́yà ṣàlàyé ẹ̀ tán, mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, ó ní kí n má fowó fíìsà ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́, mo wẹ ìyá olóyìnbó mi, mo fọ ẹ̀yìn ẹ̀, mo nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí omi má bàa jẹ ẹ́, mo fi páúdà sí i, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó bi mí pé kí ló dé tójú mi rí báyẹn. Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni, wọ́n ti ṣì mí lọ́nà, ó ní orí ìdílé ni pátì òun dúró lé láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Ó ní kí n mú ìwé àti gègé wá, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tó ń gbọ̀n kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò, pátì ẹ̀ kan náà. Èsì dé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ pé ẹrù àwọn arúgbó àjèjì ò gbọ́dọ̀ di ti asanwó-orí àti ti ilé ìwòsàn ìjọba. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní kí n bá òun fi sínú dúróà. A ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n nígbà ìbò tó tẹ̀ lé e kò ní kí n lẹ páálí pátì mọ́ fèrèsé.

Mo wálé wá tọ́jú ìyá mi fúnra mi. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun níbẹ̀ ni mo wá ń ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́ l'Òkèṣà, ọdún tí a lò pọ̀ kó tó lọ, mi ò ní fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni.

Òbí nìkan kọ́ o. Lọ́dún 2012 yẹn náà ni wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ wá gbọ́dọ̀ máa gba £18,600 lọ́dún, bí ọmọ kan bá wà níbẹ̀ £22,400. Ní April 2024 wọ́n gbé e sí £29,000. Àwọn tí wọ́n fúnra wọn ṣí ilẹ̀kùn fún ní 2022 pé ẹ wá bá wa tọ́jú àwọn arúgbó wa, láti 11 March 2024 ẹni tó bá ń bọ̀ tuntun fún iṣẹ́ yẹn ò gbọ́dọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ dání. Mo gbà pé ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti ka àlejò tó ń wọlé, àwa náà ò jẹ́ kí gbogbo ayé wọ agbo ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìdílé ni ìpìlẹ̀ ìlú, tó wá ní kí ìyá fi ọmọ sílẹ̀ kó tó lè wá wẹ ìyá ẹlòmíì, kí ló kù tó fẹ́ pa mọ́?

Ti gbèsè ńkọ́? Pátì tó ní kéèyàn má ná ohun tí kò ní, September 2022 ni ìjọba Liz Truss gbé ètò ìṣúná jáde tó fẹ́ gé owó orí kúrò ní bílíọ̀nù pọ́n-ùn bíi 45 láì sọ ibi tí owó tí wọ́n máa fi dí i ti máa wá. Pọ́n-ùn já wálẹ̀, Bank of England ní láti sáré wọlé kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn má bàa run, èlé orí owó tí wọ́n yá ra ilé fò sókè, ọjọ́ 49 péré ni Truss lò nípò olórí ìjọba. Ti òfin ńkọ́? Ní September 2019, Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba ti ilé ìgbìmọ̀ pa, adájọ́ mọ́kànlá ilé ẹjọ́ tó ga jù fohùn ṣọ̀kan pé kò bófin mu. Lóṣù yẹn kan náà wọ́n yọ aṣòfin 21 kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn nílé ìgbìmọ̀ torí pé wọ́n dìbò lòdì sí Johnson lórí ọ̀rọ̀ kíkúrò nínú àjọ Yúróòpù, Nicholas Soames tó jẹ́ ọmọ-ọmọ Churchill wà nínú wọn, Kenneth Clarke, mínísítà ìṣúná àtijọ́, náà wà níbẹ̀. Wọ́n dá mẹ́wàá padà lẹ́yìn náà. Àmọ́ ilé tó bá ń lé àgbà jáde nítorí ọ̀rọ̀ kan, kó má sọ fún mi pé òun ń bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀dálẹ̀. Nígbà ìbò July 2024, ìjókòó 121 ló kù fún wọn nílé ìgbìmọ̀.

Wàyí o, Kemi. Wimbledon ni wọ́n bí i sí, Èkó ló dàgbà sí, November 2024 ló di olórí pátì, mo sì gbà pé ó gbọ́n, ó sì láyà. Ṣùgbọ́n mínísítà ni nínú ìjọba tó ṣe òfin 2024 tí mo kà sílẹ̀ yẹn. October 2025, pátì ẹ̀ kéde pé bí àwọn bá padà wọlé àwọn máa yọ Britain kúrò nínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, àdéhùn tó jẹ́ pé lọ́yà Conservative kan, David Maxwell Fyfe, wà lára àwọn tó kọ ọ́ lẹ́yìn ogun. Bí ohun tí àwọn baba ẹ fọwọ́ ara wọn kọ́ bá ni ọ́ lára, tún un ṣe bí Peel ti wí. Èyí tí wọ́n ń ṣe yìí, wíwó ni.

Má rò pé mò ń tà ọ́ sọ́dọ̀ Labour, pátì tó gbàjọba lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá òfin òbí yẹn níbẹ̀, wọn ò yọ ọ́, July 2025 ni àwọn náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ olùtọ́jú tó ń bọ̀ láti òkè òkun pátápátá.

Bó o bá débẹ̀, ọmọ Commonwealth ni ẹ́, bí fíìsà ẹ bá ṣì dáa o lè forúkọ sílẹ̀ kó o sì dìbò, akẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ò mọ̀. Tí olùdíje Conservative bá kan ilẹ̀kùn ẹ, tó ń sọ̀rọ̀ ìdílé, kí i dáadáa, fún un lómi mu, kó o wá bi í bóyá ó máa dìbò láti yí òfin òbí 2012 yẹn padà, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.